Láti Orí Fìtílà Amọ̀ dé Orí Sólà: Ìtàn Ìmọ́lẹ̀ Alẹ́ nínú Ilé Yorùbá

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ni ó ń kọ ọ́ bí ìtàn àwọn ọba, ti ogun àti ti òwò. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ ìtàn Ọ̀yọ́ àti ti Ìbàdàn kò mọ ibi tí òun ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn wà tí kò ní ọba, tí kò ní balógun, tí ó sì kan olúkúlùkù wa lálaalẹ́. Ìtàn náà ni ti bí a ti ń rí ìmọ́lẹ̀ nínú ilé wa nígbà tí òòrùn bá wọ̀. Òun ni mo fẹ́ kọ ní ìwọ̀nba níhìn-ín, nítorí pé orí tuntun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí nínú rẹ̀.

Lórí òrùlé ilé púpọ̀, láti Èkó títí dé Ṣakí, a ń rí àwọn pánẹ́ẹ̀lì dúdú tí ń gba òòrùn sára, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di iná mọ̀nàmọ́ná. Sólà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Àwọn kan ti rí ìtura nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ti kó owó tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ kó jọ lé e lórí, wọ́n sì ti padà sínú òkùnkùn kí ọdún méjì tó pé. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí, nígbà tí ó jẹ́ pé òòrùn kan náà ni ó ń ràn lé àwọn méjèèjì lórí? Èrò mi ni pé bí a bá fi sùúrù tọ ìtàn náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, yóò dá wa lóhùn.

Ayé epo àti òwú

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, iná ìdáná ni ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ jáde lóru a tan ògùṣọ̀ tí a fi ìhá ẹyìn dì. Nínú yàrá, fìtílà amọ̀ ni a ń lò. Àwọn obìnrin amọ̀kòkò ni ó ń mọ ọ́n. A ó da epo pupa, tàbí àdín, tàbí òrí yíyọ́ sínú rẹ̀, a ó fi òwú tí a ti ká sí ẹnu rẹ̀, a ó sì tan iná sí i. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju kí ènìyàn rí ojú ẹnìkejì rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó tó fún ayé ìgbà náà. Òṣùpá ni fìtílà gbangba, abẹ́ rẹ̀ ni a sì ti ń pa àlọ́.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí nínú fìtílà yìí ni pé epo tí ó ń mu kò yàtọ̀ sí epo tí a fi ń se ọbẹ̀. Ẹni tí ó bá tan fìtílà mọ́jú ti sun ọbẹ̀ ọ̀la níná. Nítorí náà ni ìyá ilé ṣe mọ iye epo tí ó wà nínú ìkòkò, tí ó mọ iye tí alẹ́ kan ń gbà, tí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí a pa iná. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní ìṣirò yìí ní ilé ìwé. Àìní ni ó kọ́ ọ.

Nígbà tí ó di ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, epo kẹrosíìnì ti ń bá ọkọ̀ òkun dé Èkó, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń wọ inú ilẹ̀ lọ. Àtùpà onígíláàsì gba ipò lọ́wọ́ fìtílà amọ̀. Epo yí padà, ṣùgbọ́n ìṣirò kò yí padà. Mo rántí ìyá àgbà tí ó tọ́ mi dàgbà, bí ó ti máa ń gbé àtùpà ní ìrọ̀lẹ́, tí yóò mì í lẹ́bàá etí, tí yóò sì wí fún wa pé, “Èyí yóò gbé wa dé ìdájí, bí ẹ kò bá yí i sókè.” Bí a bá ti jẹun tán, ó ti yí òwú rẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tí ó ń kàwé ni a máa ń gbé àtùpà sún mọ́. Ní ti ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá àgbà a máa wí pé òkùnkùn kì í dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Iná ìjọba

Ní ọdún 1896 ni ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ẹ̀rọ amúnáwá wá sí Èkó. Ẹ̀rọ kékeré ni, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó sì jàǹfààní rẹ̀. Ó pẹ́ kí iná náà tó tàn dé àwọn ìlú ńlá mìíràn. Ní ọdún 1950 ni a fi òfin dá Ilé-iṣẹ́ Iná Mọ̀nàmọ́ná ti Nàìjíríà sílẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí E.C.N. Ní ọdún 1962 ni a dá àjọ tí yóò dí Odò Ọya sílẹ̀, nígbà tí àwọn ọdún 1960 sì ń parí lọ, iná ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Kàìnjì. Ní ọdún 1972 ni a da àjọ méjèèjì pọ̀, tí a sì sọ wọ́n di NEPA. Ní àárín àwọn ọdún 1980 ni ibùdó Ẹ̀gbìn, ní ẹ̀bá Ìkòròdú, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èyí tí a kọ́ láti pèsè iná tí ó tó 1,320 mẹ́gáwáàtì.

Ìyípadà tí iná ìjọba mú bá ilé kì í ṣe ti ìmọ́lẹ̀ nìkan. Ó mú kí a gbàgbé ìṣirò. Epo tí ń jó kò sí nínú ìkòkò ìyá ilé mọ́, ó wà ní ibi jíjìn tí ojú kò tó, wáyà nìkan ni ó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí gílóòbù kan bá ń tàn, tàbí bí mẹ́wàá bá ń tàn, ojú kò rí ohun tí ń dínkù. Ní ilé púpọ̀ tí kò ní mítà, owó àfojúdá ni a ń san, ẹni tí ó pa iná rẹ̀ àti ẹni tí ó fi í sílẹ̀ a sì máa san iye kan náà. Bí ìṣirò kò bá mú èrè wá fún ẹni tí ó ṣe é, ta ni yóò tún máa ṣe é?

Àárín àkókò yìí náà ni àìdúró-déédéé iná di àṣà. Kò sí ọmọ tí ó dàgbà ní ìlú wa ní àwọn ọdún 1980 tàbí 1990 tí kò mọ ariwo “Up NEPA!” tí gbogbo àdúgbò máa ń pa lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí iná bá dé. Ní ọdún 2005 ni orúkọ yí padà sí PHCN. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba fa iṣẹ́ pípín iná kiri lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Orúkọ ń yí padà, òkùnkùn kò yí padà. Ní ti àwọn ìletò púpọ̀, wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ kankan nínú wọn. Ní ibì kan, òpó wà láìsí wáyà, ní ibòmíràn, òpó gan-an kò dé.

Jẹnẹrétọ̀ ni ó wá di àyè náà. Èyí tí ó kéré jù lọ ni àwọn ènìyàn fi ṣe ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour”, èyí ni pé, mo sàn ju aládùúgbò mi lọ. Ó mú ìṣirò díẹ̀ padà wá, nítorí olówó ń rí bẹntiróòlù tí ń tán lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ ba ìsinmi jẹ́, èéfín rẹ̀ sì ti pa ọ̀pọ̀ ìdílé tí ó gbé e sí ẹnu ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì sùn. Nígbà tí ìjọba kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti dópin, owó epo fò sókè láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn tí a ṣèlérí iná ogún wákàtí lóòjọ́ fún rí i pé owó ìwọ̀n iná kan gòkè láti náírà 68 sí náírà 225. Láti ìgbà náà ni púpọ̀ nínú wa ti gbé ojú sókè wo òòrùn.

Bí a ti ṣe mú òòrùn

Ẹni tí ó bá rò pé àná ni ìmọ̀ sólà bẹ̀rẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ní ọdún 1839 ni Edmond Becquerel, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 ní ilẹ̀ Faransé, ṣàkíyèsí pé bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí irin tí a rì sínú omi olóògùn kan, iná mọ̀nàmọ́ná díẹ̀ a máa ṣàn. Ní ọdún 1883 ni Charles Fritts ní ìlú New York fi selenium àti wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe pánẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ ni ó lè sọ di iná. Ní ọdún 1905 ni Albert Einstein ṣàlàyé ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ fi ń ti iná jáde lára irin, iṣẹ́ náà ni ó sì mú ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1921 wá fún un.

Ọjọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìtàn yìí ni ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1954. Ní ọjọ́ náà ni ilé ìwádìí Bell ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ohun tí Daryl Chapin, Calvin Fuller àti Gerald Pearson ṣe han aráyé. Silicon ni wọ́n fi ṣe é, èyí tí a ń yọ láti inú iyanrìn, ó sì ń sọ bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ di iná. Ẹ jẹ́ kí a fi etí sí ohun tí ó gbé Chapin dé ìdí iṣẹ́ náà. Wọ́n fẹ́ iná fún tẹlifóònù ní àwọn ibi jíjìn tí ó gbóná tí ó sì ní ọ̀rinrin, níbi tí bátìrì gbígbẹ ti ń tètè bàjẹ́. Ojú ọjọ́ tí ó dàbí tiwa ni ó wà lọ́kàn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe kọjá agbára ẹnikẹ́ni láti rà. Wáàtì kan ṣoṣo ń náni ní nǹkan bí 300 dọ́là. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ojú ọ̀run ni sólà kọ́kọ́ lọ kí ó tó wá sí orí òrùlé. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1958 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ju Vanguard 1 sókè. Ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ń lo bátìrì, èkejì ń lo sólà. Èyí tí ń lo bátìrì dákẹ́ láàrin oṣù mélòó kan, èyí tí ń lo sólà ń sọ̀rọ̀ títí di ọdún 1964. Kí òǹkàwé má ṣe gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run nígbà náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa lónìí.

Nígbà tí epo rọ̀bì gbówó lórí ní ọdún 1973, àwọn ènìyàn tún ojú mú sólà. Elliot Berman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wá ọ̀nà láti dín owó rẹ̀ kù, wọ́n sì mú wáàtì kan wálẹ̀ láti nǹkan bí 100 dọ́là sí 20. Ní ọdún 1977, ní ilẹ̀ Máálì, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Bernard Verspieren bẹ̀rẹ̀ sí í fi sólà fa omi láti inú kànga fún àwọn ará abúlé tí ọ̀dá dà láàmú. Ní ọ̀rúndún tí a wà yìí, àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà mú owó náà wálẹ̀ débi pé wáàtì kan kò tó ìdajì dọ́là mọ́. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ní ọdún 2018, ìletò Gbámù-Gbámù ní agbègbè Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, rí iná láti ibùdó sólà kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ 85 kílówáàtì, láìsí pé a na wáyà ìjọba dé ibẹ̀.

Ìṣirò padà wá sílé

Ibí yìí ni ìtàn náà ti yí padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé sólà sí orí òrùlé rẹ̀ tí kò sì so mọ́ wáyà ìjọba ti di ìyá ilé olókòó epo padà. Ohun tí ó wà nínú ìkòkò rẹ̀ ní ìwọ̀n, òun nìkan ni yóò sì mọ̀ bí yóò ti gbé e dé ìdájí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé olùkọ́ kan ní ìletò tí kò ní òpó iná ṣe àpẹẹrẹ. Wáàtì ni a fi ń mọ bí ohun èlò ti ń mu iná kíkankíkan tó. Bí a bá fi iye wákàtí tí a lò ó sọ ọ́ di púpọ̀, a rí wáàtì-wákàtì, èyí tí í ṣe àpapọ̀ iná tí ó mu. Gílóòbù mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 7, tí wọ́n tàn fún wákàtí 5, mu 210. Fáànù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 60, fún wákàtí 8, mu 960. Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tí ó jẹ́ wáàtì 80, fún wákàtí 4, mu 320. Fìríìjì kékeré lè mu 1,000 lóòjọ́. Fóònù àti rédíò mu 40. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,530.

Ṣùgbọ́n a kò lè ṣe bí ẹni pé gbogbo ohun tí pánẹ́ẹ̀lì mú wá ni yóò dé ọ̀dọ̀ wa. Wáyà yóò mu nínú rẹ̀, bátìrì yóò mu nínú rẹ̀, ínfátà tí ń sọ iná bátìrì di irú èyí tí ohun èlò ilé ń lò yóò mu nínú rẹ̀, ooru pẹ̀lú yóò gba tirẹ̀. Bí a bá ka ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún sí ẹrù ọ̀nà, olùkọ́ yìí nílò kí pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ mú nǹkan bí 3,600 wá lójúmọ́.

Báwo ni pánẹ́ẹ̀lì ṣe pọ̀ tó tí yóò mú èyí wá? Òòrùn ń yọ fún wákàtí méjìlá, ṣùgbọ́n ti òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kò le. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ìwọ̀n òòrùn ọ̀sán gangan, ilẹ̀ Yorùbá ń rí nǹkan bí wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lóòjọ́. Ní etí òkun, ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ tí ìkùukùu bolẹ̀, ó lè sún mọ́ mẹ́ta. Bí a bá fi wákàtí mẹ́rin pín 3,600, a rí 900, èyí ni pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 300. Bí a bá fi mẹ́ta pín in, a rí 1,200, èyí ni pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin. Ẹni tí ó bá ra ìwọ̀n ti ọ̀gbẹlẹ̀ nìkan yóò jókòó sínú òkùnkùn nígbà òjò. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Bí a bá ti rà á tán, ìtọ́jú kù. Nítorí pé ilẹ̀ wa wà ní apá àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì, gúúsù ni kí pánẹ́ẹ̀lì kọjú sí, kí ó sì tẹ̀ díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. A gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ láàrin òun àti páànù kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, nítorí òòrùn ni pánẹ́ẹ̀lì fẹ́, kò fẹ́ ooru. Ìwọ̀n ooru 25 ni àwọn tí ó ṣe é fi ka wáàtì rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 60 lọ́sàn-án, bí ìdá kẹrìnlá nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lè lọ. Ní àkókò ọyẹ́, eruku yóò bò ó, a ó sì fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún ní òwúrọ̀ kí ó tó gbóná. Kí a sì ṣọ́ òjìji. Ẹ̀ka igi máńgòrò kan ṣoṣo tí ó bo igun pánẹ́ẹ̀lì kan lè dín iṣẹ́ gbogbo àwọn tí a so pọ̀ mọ́ ọn kù, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ tí ó tẹ ibì kan lára rọ́bà omi ti ń dá omi gbogbo rẹ̀ dúró.

Àwọn ohun èlò kan sì wà tí ilé kékeré kò gbọdọ̀ gbé lé e: irin ìlọṣọ, ààrò oníná, ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ̀rọ tí ń fa omi láti inú kànga jíjìn ń fẹ́ ìlọ́po agbára rẹ̀ lọ́nà púpọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì lè ba ínfátà tí kò tó o jẹ́. Ẹni tí ó gbọ́n a máa fa omi lọ́sàn-án nígbà tí òòrùn wà, a sì pọn ọ́n sínú ọkọ̀ omi lókè. Omi tí a ti gbé sókè lọ́sàn-án kò tún béèrè iná lóru.

Bátìrì ni ń kọ́kọ́ kú

Èmi pẹ̀lú ti san owó ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra sólà fún baba mi ní abúlé wa. Ẹni tí ó tà á fún mi kò béèrè ohun tí a fẹ́ fi í ṣe, èmi náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí ó béèrè. Bátìrì kan ṣoṣo ni ó gbé fún wa. Ní oṣù àkọ́kọ́, gbogbo agbo ilé wá wo bọ́ọ̀lù. Kí ọdún kan ààbọ̀ tó pé, iná náà kì í dé agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Nígbà tí mo délé, baba mi wí fún mi pé, “Ọmọ mi, bí o bá ra ẹran wálé, ṣé o kò ní béèrè ohun tí ó ń jẹ àti iye ẹrù tí ó lè rù?” Pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé kò ní àléébù kankan. Gẹ́gẹ́ bí ti Vanguard 1, bátìrì ni ó kú.

Bátìrì olójé, tí Gaston Planté ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1859, ṣì wọ́pọ̀ ní ọjà wa. Ìwà rẹ̀ kan ni pé kò fẹ́ kí a fa òun gbẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó pẹ́ kò gbọdọ̀ lò ju ìdajì ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ. Bátìrì 200 tí ó jẹ́ fóòlùtì 12 gba 2,400 wáàtì-wákàtì. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 1,200. Olùkọ́ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lè lo 1,600 nínú 2,530 rẹ̀ lóru. Bátìrì kan kò lè tó o, méjì ni yóò tó o, tí díẹ̀ yóò sì ṣẹ́kù fún ọjọ́ tí ìkùukùu bá bolẹ̀. Ohun tí mo fi bátìrì kan ṣe fún baba mi nìyẹn: alaalẹ́ ni a ń fà á gbẹ. Bátìrì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ burú ju èyí lọ, nítorí a ṣe é láti fi agbára ńlá jí ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, a kò ṣe é láti ṣiṣẹ́ mọ́jú. Èyí tí a ń bu omi sí, omi tí a sè tí a sì gba oruku rẹ̀ nìkan ni kí a bu sí i, kí a sì gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, nítorí gáàsì tí ń jáde lára rẹ̀ lè gbiná.

Bátìrì lithium jẹ́ ọmọ ìkẹyìn. Ilé-iṣẹ́ Sony ni ó kọ́kọ́ gbé e wá sí ọjà ní ọdún 1991, àwọn mẹ́ta tí ó fi ìpilẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019. Èyí tí a ń lò nínú ilé gbà kí a lo bí ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Owó rẹ̀ ga lọ́jọ́ ìrajà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka iye olójé tí òun yóò rà láàrin ọdún mẹ́wàá yóò rí i pé olówó pọ́ọ́kú ni ó ń náni jù.

Ọ̀rọ̀ olójé kò tán nígbà tí ó bá kú. Àwọn tí ń ra bátìrì kóńdẹ̀mù ń kiri àdúgbò wa, a sì ń tà á fún wọn láìbéèrè ibi tí ó ń lọ. Òjé jẹ́ májèlé tí ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní Thiaroye-sur-Mer, ní ẹ̀bá Dakar ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn ènìyàn ń fọ́ bátìrì àlòkù nínú agbo ilé wọn láti yọ òjé. Láàrin oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀. Fìtílà amọ̀, bí ó bá fọ́, ilẹ̀ ni a ń dà á sí, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ń lò lónìí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ilé-iṣẹ́ tí ó ní ẹ̀kọ́ àti ohun ìdáàbòbò nìkan ni ó yẹ kí ó gbà á lọ́wọ́ wa.

Iṣẹ́ tí ó kù fún wa

Bí a bá tún ìtàn yìí wò láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé ohun tí ó ya ilé tí sólà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí tirẹ̀ ti kú kì í ṣe owó nìkan. Ìmọ̀ ìwọ̀n ni. Ìmọ̀ náà wà lọ́wọ́ ìyá ilé ní ayé epo pupa, ó wà lọ́wọ́ ìyá àgbà mi ní ayé àtùpà. Ọdún tí a fi gbé ara lé iná ìjọba ni ó jẹ́ kí a sọ ọ́ nù, a sì ra ohun èlò tuntun wálé kí a tó wá a rí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé èyí jẹ́ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ tí ń kọ́ èdè Yorùbá. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé tí ó bá ohun èlò wọ̀nyí wá, Gẹ̀ẹ́sì tàbí èdè Ṣáínà ni a fi kọ ọ́. Ọmọ iṣẹ́ tí ń gun òrùlé kọ́ ọ ní àkọ́sórí lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ìyá arúgbó tí yóò máa lò ó ní abúlé kò sì rí ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un ju pé, “Mama, ẹ má fọwọ́ kàn án.” Bí a bá lè kọ ọ́ sínú ìwé kékeré ní èdè tí ó yé wọn pé kí wọ́n ka ohun tí wọ́n ń lò, kí wọ́n ka òòrùn oṣù keje kì í ṣe ti oṣù kejì, kí wọ́n má sì ṣe fa bátìrì gbẹ, owó púpọ̀ ni a ó gbà sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní i lọ́pọ̀.

Baba mi ti ní bátìrì méjì báyìí. Ó fi ẹfun fa ìlà sí ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfátà, ìlà kan fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan tí iná náà bá gbé wọn mọ́jú. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ tan fáànù kejì ní oṣù òjò, yóò kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run, yóò tún wo ìmọ́lẹ̀ kékeré tí ń sọ ohun tí ó kù nínú bátìrì, kí ó tó dá wọn lóhùn. Bí mo ti ń wò ó ni mo rántí ìyá rẹ̀ àti àtùpà tí ó máa ń mì lẹ́bàá etí.